Ìkòròdú sí Balógun, Thamesmead sí Whitechapel

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló yàtọ̀ jù láàárín ìgbé ayé Èkó àti ti London, mi ò ní kọ́kọ́ dárúkọ iná mànàmáná tàbí omi ẹ̀rọ. Ohun tí màá sọ ni pé níbí, mo mọ aago tí màá dé ibi iṣẹ́, mo sì mọ aago tí màá padà sílé. Ẹni tó bá ti gbé Ìkòròdú rí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ yẹn.

Ìkòròdú ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tọ́ mi dàgbà. Thamesmead ni mò ń gbé báyìí, ní gúúsù ìlà-oòrùn London, àdúgbò tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí débi pé téèyàn bá wọ bọ́ọ̀sì, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ "Ẹ káàárọ̀, mà." Ìlú méjèèjì jọra ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Ẹ̀yìn ìlú ni méjèèjì wà, omi ló sì wà láàárín wọn àti ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí: ọ̀sà lọ́hùn-ún, odò Thames níbí. Ìjọba sì ti ṣèlérí afárá fún méjèèjì. Wọ́n ti wọ́gi lé ti Thamesmead láti ọdún 2008. Ti Ìkòròdú, ìyẹn Fourth Mainland Bridge, ó ti wà lẹ́nu wọn láti nǹkan bí ọdún 2003, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta aṣọ ní ọjà Balógun, ní Erékùṣù Èkó. Kí ìrun àsùbáà tó wọlé ni wọ́n ti ń jáde nílé, torí bí ilẹ̀ bá fi mọ́ bá wọn ní Mile 12, àárọ̀ ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ní Garage, kọ́ńdọ́ á máa pariwo "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!", èrò á máa fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara wọn, ẹ̀gbọ́n mi á sì fún ara wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pẹ̀lú àpò aṣọ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá ti mú wọn, àwọn ọmọ tó ń ta búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá á máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀ tí kò tilẹ̀ sáré. Láti ọdún 2015 tí ojú ọ̀nà BRT, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì nìkan, ti dé Ìkòròdú, ìyà náà dín kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà tí wọ́n ń tò dè é lè jẹ ìdajì àárọ̀, bó bá sì ti bọ́ sí ibi tí kò ti ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ mọ́, òun náà á dúró sójú kan bíi ti gbogbo ọkọ̀.

Èmi ń ṣiṣẹ́ ní Whitechapel, ní òdì kejì odò. Bọ́ọ̀sì ló ń gbé mi dé Abbey Wood, ibẹ̀ ni mo ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line. Ọkọ̀ náà gba abẹ́ odò kọjá, kò sì tó ogún ìṣẹ́jú tí màá fi sọ̀ ní Whitechapel. Mi ò ní mọ́tò, kò sì dí mi lọ́wọ́ ohunkóhun. Ohun kan wà tí mo máa ń wò lójoojúmọ́ tí kò tíì sú mi. Bí ìyá kan bá ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ bọ̀ ní ibùdókọ̀, dẹ́rẹ́bà á tẹ nǹkan kan, bọ́ọ̀sì á rọra rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹ̀bá ọ̀nà dọ́gba, ìyá náà á sì ti ọmọ rẹ̀ wọlé láìgbé nǹkan kan sókè. Fún arọ tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́, pẹpẹ irin á yọ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Gbogbo èrò á dúró. Kò sí ẹni tó ń pariwo pé kí wọ́n yára. Mo máa ń rántí bí wọ́n ṣe ń gbé àwọn ìyá àgbà wa wọ dánfó nígbà tí táyà ti ń yí lọ, inú mi kì í sì í dùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí gan-an, torí àwọn ará ilé máa ń rò pé ìjọba ibí kàn jí lọ́jọ́ kan ni, ó sì fún wa ní rélùwéè. Afárá ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ṣe. Ètò àkọ́kọ́ ni pé kí ọ̀nà márosẹ̀ la igbó Oxleas já kó tó dé odò, igbó àtayébáyé tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ará àdúgbò bá wọn fà á títí ìjọba fi pa á tì ní ọdún 1993. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún gbé òmíràn dé, Thames Gateway Bridge, láti Beckton sí Thamesmead. Wọ́n ní yóò mú iṣẹ́ wá. Àwọn tó takò ó ní mọ́tò láti ibi gbogbo ni yóò máa gba iwájú ilé wa kọjá, tí èéfín rẹ̀ yóò kù fún àwọn ọmọ wa. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ kalẹ̀ ní 2005, ẹnikẹ́ni ló lè wá sọ tẹnu rẹ̀, ìjókòó náà sì wọ 2006. Ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní kí wọ́n má ṣe é. Ìjọba ní kí wọ́n tún un gbọ́, kí wọ́n tó sì parí ìyẹn ni Boris Johnson di méyọ̀, ó sì fagi lé gbogbo rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2008.

Ibi tó dùn mí sí nìyí. Wọ́n fagi lé afárá, wọn ò sì fi nǹkan kan dípò rẹ̀ fún Thamesmead. Ọdún 2022 ni Elizabeth line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, títí di òní kò sì sí ibùdókọ̀ ojú irin kankan láàárín Thamesmead gan-an. Bọ́ọ̀sì lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n ti wà níbí láti àwọn ọdún 1990 gbé gbogbo àárín yẹn lórí bọ́ọ̀sì nínú òtútù. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà fún àwọn tó kàn ń sọ pé ká má kọ́ afárá, pé ó ń ba àyíká jẹ́. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ká má kọ́ afárá gbọ́dọ̀ sọ ohun tí yóò gbé mi kọjá, ẹni tí yóò sanwó rẹ̀, àti ọdún tí yóò dé.

Wọn ò sì ṣíwọ́ kíkọ́ ọ̀nà mọ́tò níbí náà. Oṣù kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n ṣí Silvertown Tunnel, ọ̀nà abẹ́ odò. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ àwọn onímọ́tò, níbẹ̀ àti ní Blackwall Tunnel tó ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 1897. Àwọn èèyàn wa tó ń wakọ̀ lọ tọ́jú arúgbó kígbe, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, bọ́ọ̀sì kan wà tó ń gbé àwọn oníkẹ̀kẹ́ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ wọn, àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré ní àwọn agbègbè kan sì ń san ìdajì. Ẹni tí kò bá fẹ́ san kọ́bọ̀ lè wọ ọkọ̀ ojú omi Woolwich Ferry, ọ̀fẹ́ ni láti ọdún 1889, ó sì ń gbé tírélà.

Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi lórí WhatsApp. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ ojú omi ló yẹ kí wọ́n fi kún fún yín, kì í ṣe afárá. Láti Ìpákòdó sí Èbúté Èrò, ẹ ò ní lo wákàtí kan."

Wọ́n dá mi lóhùn pé, "Àbúrò mi, ṣé báálì aṣọ ni kí n gbé lé orí itan mi nínú ọkọ̀ kékeré yẹn? Bí koríko orí omi bá tún bo ọ̀sà ńkọ́? Bí mo bá ṣíwọ́ lọ́jà tí ilẹ̀ ti ṣú, tí ọkọ̀ omi ò rìn mọ́, ibo ni kí n sùn? Afárá ni kí wọ́n ṣe fún wa jàre."

Kò sí èyí tí wọ́n sọ tí kì í ṣe òótọ́. Ohun tí mo fi dá wọn lóhùn ni ibi tí afárá náà ń lọ. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe yà á, nǹkan bíi kìlómítà 38 ni yóò jẹ́, láti apá Ajah, yóò gba Ìkòròdú, yóò sì já sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Kò kọjú sí Balógun rárá. Ẹni tó ń lọ sí Lekki ni yóò jẹ́ ànfààní rẹ̀ jù, ìyẹn bó bá ní mọ́tò tó sì lè san owó tóò-géètì. Ẹ̀gbọ́n mi tó bá gbà á dé Ajah á tún bá sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Lekki níbẹ̀ kí wọ́n tó dé Erékùṣù. Ìjọba ní yóò dín èrò kù lórí afárá Third Mainland. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n Third Mainland náà, tí wọ́n ṣí tán ní 1990, ìtura ni wọ́n pè é nígbà yẹn, gbogbo wa la sì mọ bó ṣe ń rí ní aago méje àárọ̀. Ilé tó wà lójú ọ̀nà afárá tuntun yìí ńkọ́? Ìjọba fúnra rẹ̀ ní àwọn ti yí ọ̀nà náà padà kí iye ilé tí wọ́n máa wó lè wálẹ̀ sí nǹkan bíi 800. Ìdílé mélòó ló wà nínú ilé kan ní Ìkòròdú?

Èyí tó ń ká mi lára jù ni pé Èkó ti fẹ́ ṣe nǹkan yìí dáadáa nígbà kan rí. Jákàńdè, gómìnà Èkó nígbà kan, ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin metroline kí ìjọba ológun tó fagi lé e ní 1985. Ọdún 2023 ni Blue Line tó gbé èrò láti Marina sí Mile 2. Red Line tẹ̀lé e ní 2024, láti Àgbàdo dé Òyìngbò. Inú mi dùn sí méjèèjì dọ́kàn, nígbà tí mo rí fídíò ọkọ̀ náà tó ń kọjá lórí ọ̀sà wọ Marina, omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan tó dé Ìkòròdú.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ọkọ̀ ojú omi ńlá ni màá kọ́kọ́ fi owó náà rà, èyí tó ní òrùlé, tó ní àyè ẹrù nísàlẹ̀, tó ní jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì fún gbogbo èrò. Màá ra ẹ̀rọ tó ń kó koríko kúrò lójú omi, màá fi iná sí ojú ọ̀nà omi kí ọkọ̀ lè rìn láìséwu títí tí àwọn ará ọjà á fi ṣíwọ́, màá sì fi bọ́ọ̀sì kún BRT. Nǹkan tí ẹ̀gbọ́n mi lè lò láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta nìyẹn. Bí wọ́n bá sì ṣì fẹ́ kọ́ afárá lẹ́yìn ìyẹn, kí àyè rélùwéè àti ti bọ́ọ̀sì wà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ wá sí Ìkòròdú bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ fún wa níbí, kí wọ́n sì fi ìjókòó náà sí ọjọ́ Àìkú, torí ọjọ́ yẹn nìkan ni àwọn tó ń lọ sí Balógun máa ń wà nílé.