Ibi Tí Owó Ti Wọlé Lọ́dún 2025

Ẹ kú òpin ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wa ní Àkúrẹ́, mo kà á láti oṣù kìn-ín-ní wá, ohun tí mo bá níbẹ̀ kò sì jọ ohun tí ẹni tó ń wo Instagram wa máa rò rárá. Lórí Instagram, kọ́sẹ́ẹ̀tì àti léèsì ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Nínú ìwé, àtúnṣe aṣọ àti aṣọ ilé-ìwé ló san owó ṣọ́ọ̀bù. Àtúnṣe ni mo wí o: dín in kù, tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, pààrọ̀ síìpù. Iṣẹ́ tí àwa tí a ní ṣọ́ọ̀bù máa ń yímú sí, tí a ní kí àwọn óbíọmá tó ń gbé ẹ̀rọ lé èjìká kiri àdúgbò lọ máa ṣe.

Aṣọ ẹbí wà dáadáa. Àkúrẹ́ ò mọ Sátidé kan tí kò sí ìnáwó. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ìṣirò rẹ̀. Ojú ẹni ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń ra aṣọ ẹbí. Wọn kì í wo àpò. Nígbà tí oníbàárà á fi gbé léèsì olówó gọbọi yẹn dé ọ̀dọ̀ télọ̀, owó ti tán. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣàánú mi, ẹ ṣáà mọ bí ìlú ṣe rí." Bẹ́ẹ̀, kọ́sẹ́ẹ̀tì ní líníǹgì, ó ní gum stay tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ kó lè le, ó ní bóònù oníke tí a ń kì bọ ojú ìrán kọ̀ọ̀kan, ó ní ife àyà, ó ní okùn ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ kan lè wà nídìí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ yọ owó ohun èlò, ẹ yọ ti iná, ẹ yọ ti ọmọ tó ń fi ọwọ́ rán ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn, ẹ wá wo èyí tó kù fún ọ̀gá. Fọ́tò rẹ̀ dára ṣá, fọ́tò yẹn náà ló sì ń pe èèyàn wá, ìdí nìyí tí n kò fi ní pa á tì. Owó ìpolówó ni mo kà á sí báyìí.

Àwọn tó ń wé gèlè fún oníbàárà ló tún mọ ìṣirò iṣẹ́ wọn jù wá lọ. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń ṣe é ní Ọ̀wọ̀ sọ pé September ni òun máa ń lọ kí àwọn ará ilé òun, torí ọdún Igógo. Ní gbogbo ọjọ́ 17 tí wọ́n fi ń ṣọdún náà, obìnrin kì í wé gèlè nílùú, ọkùnrin kì í dé fìlà, agogo ló ń dún dípò ìlù, Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń dirun, tó ń kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, tó ń múra bí obìnrin ní ìrántí ayaba Ọrọnsẹn. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó máa ta auto gele nígbà náà. Ó ní gèlè ni gèlè ń jẹ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé àwọn ló kọ́kọ́ ṣe irú gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Shade Thomas-Fahm ti ń ránṣọ tà l'Ékòó láwọn ọdún 1960 ló ti ń tà á.

Ohun tó mú iṣẹ́ rọ̀ wá lọ́rùn jù lọ́dún yìí, mọ́tò ẹ̀rọ ni, kí ẹ̀yin télọ̀ tó ń kà á fetí sílẹ̀. Mọ́tò clutch tó wà nídìí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ índọ́síríà, gbàrà tí o bá ti tan án ló ti ń yí. Ò báà máa ránṣọ, ò báà máa bá oníbàárà tàkúrọ̀sọ, iná ló ń jẹ. Mọ́tò servo ò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ló tó yí, kì í pariwo, o sì lè dín eré rẹ̀ kù fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Látìgbà tí a ti pààrọ̀ tiwa, sólà kékeré àti bátìrì ń gbé ẹ̀rọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó bá rántí pé iye tí ìjọba fi lítà epo bẹntiróòlù sí kò tó ₦200 kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, á mọ ohun tí ojú télọ̀ ti rí lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀. Áyọ́ọ̀nù nìkan ni sólà wa ò lè gbé. Mo ti lọ gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú ìyá mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rín in.

Ó wá ku àtúnṣe. Ẹni tí kò rówó ra aṣọ tuntun kò ní rìn níhòòhò. Inú àpótí ló ń padà sí. Àwọn tó ti rù ń kó aṣọ ìgbà tí wọ́n sanra wá, ọmọ yunifásítì FUTA ń gbé ṣòkòtò ọ̀kírìká tó fẹ̀ níbàdí wá, ẹlòmíì ń mú kaftan tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ jogún. Owó rẹ̀ kéré, àmọ́ ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń san án. N kò tíì rí ẹni tó ra síìpù láwìn.

Màmá kan wá láti Ìdànrè pẹ̀lú àlàárì ìyá rẹ̀, aṣọ òkè pupa yẹn, ó fẹ́ fi ṣe jákẹ́ẹ̀tì fún ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń gboyè. Ó dì í mọ́ra.

"Ọmọ mi, sísọ́ọ̀sì rẹ yẹn ò gbọdọ̀ kàn án o."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. A ò ní gé e, a máa tú u ni."

Bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ òkè ló jẹ́ kí n lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, nǹkan bí ínṣì mẹ́rin ní ìbú, kí wọ́n tó rán ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ ìkejì. Tí o bá fi sùúrù tú ojú ìrán yẹn, odidi ọ̀já lo máa rí, etí rẹ̀ ò ní tú. Ibi tí gígé bá pọn dandan, bíi kọ́là àti ibi apá, kọ́kọ́ fi áyọ́ọ̀nù lẹ gum stay mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òwú á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ẹ. Nígbà tí a tú u, inú ojú ìrán tí oòrùn ò dé rí ṣì pupa fòò, ìta ti ṣá. Màmá na ìka sí i, ó ní, "Bó ṣe rí nìyí nígbà tí wọ́n ń fi í pọ̀n mí." Ó san owó rẹ̀ pé. Ó tún fi iṣu kún un.

Lọ́dún yìí kan náà ni Lagos Fashion Week, tí Omoyemi Akerele dá sílẹ̀ ní 2011, gba ẹ̀bùn Earthshot, ẹ̀bùn àgbáyé fún àwọn tó ń tọ́jú àyíká, nítorí akitiyan wọn pé kí aṣọ yé di pàǹtí. Inú mi dùn sí i gan-an. Mo sì wo àwọn óbíọmá wa, tí iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n ń ṣe kiri àdúgbò, mo ní kò sẹ́ni tó máa ránṣẹ́ pe ẹ̀yin ní tiyín.

Aṣọ ilé-ìwé ò ní ìtàn púpọ̀. Ṣẹ́ẹ̀kì ni, kákí ni, gé e lọ́pọ̀, rán an lọ́pọ̀, kó wọn jáde kí àwọn ọmọ tó wọlé ní September. Èrè orí ẹyọ kan kéré, àmọ́ kò sí ìdíwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́jì, kò sí ẹni tó ń ní kí o gbé ìdí sókè díẹ̀ sí i. Wàhálà rẹ̀ ni ìsanwó. Ilé-ìwé aládàáni kan tí n kò ní dárúkọ ti gba owó aṣọ lọ́wọ́ àwọn òbí pátá, wọ́n sì jẹ wá ní ìdajì títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó ni ilé-ìwé náà ń kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń dá a lóhùn. Ní ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á san ìlàjì kí a tó gé aṣọ, wọ́n á san ìyókù kí ọkọ̀ tó gbé e, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó máa lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ ń kọ mí lóminú díẹ̀. Kọ́sẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn fẹ́ kọ́, kí ọwọ́ wọn tó mọ bí a ṣe ń fi àyè ínṣì kan ààbọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Èyí tó gba fírídọ́ọ̀mù nínú wọn lọ́dún yìí ti ń palẹ̀ mọ́ fún Èkó. N kò dá a dúró. Mo kàn bi í pé ṣé ó mọ iye tí rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù jẹ́ lọ́hùn-ún, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan máa gba òun sọ́dọ̀. Èmi ò ní kúrò l'Ókè-Àró níbí ní Àkúrẹ́ ní tèmi.

Ẹ̀rọ wívìǹgì mìíràn, èyí tó ń rán etí aṣọ kó má tú, ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rà tí ọdún bá yí, lẹ́yìn náà ni tábìlì àtúnṣe tó máa dá wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tó fẹ́ gé ṣòkòtò kúrú má jókòó ti ìyàwó tó ń wọ kọ́sẹ́ẹ̀tì wò. Mo máa kọ iye owó nǹkan kọ̀ọ̀kan sára pátákó, kí ìnájà lè dín kù. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé aṣọ Kérésì wá, Tuesday ni kí ẹ wá kó o. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbé e wá báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ó di January.