Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa ètò èbúté kọ̀ńténà: ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́

Ẹ̀yin àbúrò, bí wọ́n bá tẹ́ àwòrán èbúté tuntun síwájú yín, kírénì ni ojú máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ọjọ́ mélòó ni kọ̀ńténà máa lò nílẹ̀ kí olówó rẹ̀ tó wá gbé e?

Ẹ wo èbúté Lekki. Kọ̀ńténà ẹlẹ́sẹ̀-bàtà 20 tó tó mílíọ̀nù 1.2 lọ́dún ni wọ́n fi ṣètò ìpele àkọ́kọ́. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá lo ọjọ́ 7, ẹ sọ 1,200,000 di ìlọ́po 7, kí ẹ fi 365 pín in: nǹkan bí 23,000 ni yóò máa wà nílẹ̀. Bí ìwé aṣọ́bodè tàbí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá sọ ọ́ di ọjọ́ 20, ó di nǹkan bí 66,000. Kírénì kò yí padà, àmọ́ yáàdì, ibi tí wọ́n ń to kọ̀ńténà sí, ti ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ má sì ṣírò pé ẹ máa kún un dẹ́nu o. Tó bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, kọ̀ńténà tí ẹ ń wá á máa wà nísàlẹ̀ mẹ́ta mìíràn. Nígbà tí Lekki bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, ojú irin kò dé ibẹ̀; ẹ fi irú èyí kún ọjọ́ tí ẹ ń kà.

Omi èbúté Lekki jìn tó mítà 16.5. Ẹ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n tí ọkọ̀ fi rì sínú omi sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí ìgbì bá ti ń wọlé.

Yanrìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Létíkun wa, ìgbì ń tì í láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Àwọn ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ sẹ́nu omi Èkó láàárín 1908 sí 1912 dí i lọ́nà: apá ìwọ̀-oòrùn kún, òkun sì jẹ Bar Beach tó wà ní apá ìlà-oòrùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Owó àtikó yanrìn kọjá sí òdìkejì ògiri gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Gbígbẹ́ omi àti ògiri ìgbì ń jẹ owó kí ọkọ̀ kankan tó dé. Mílíọ̀nù 629 dọ́là ni China Development Bank yá Lekki. Ká fi èlé ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ṣe àpẹẹrẹ: tí gbogbo rẹ̀ bá ti jáde, ìdádúró oṣù kan ń gba bíi mílíọ̀nù 3.1 dọ́là. Ẹ bèèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé: dọ́là ni gbèsè, ṣé dọ́là ni owó tí a ó máa gbà lọ́wọ́ ọkọ̀, àbí náírà?