Ìbọn mi bọ́ lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tó ṣẹlẹ̀, oorun ò tíì kún ojú mi. Mo ní kí n kọ ọ́ báyìí tó ṣì ń ta mí lára, torí bí mo bá dúró títí inú mi fi rọ̀, irọ́ ni màá pa fún yín.

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣọdẹ níhìn-ín ní Texas mọ bí Oṣù Kọkànlá ṣe máa ń rí. Láti Sátidé àkọ́kọ́ inú oṣù náà tí wọ́n bá ti ṣí ìgbẹ́ fún àgbọ̀nrín, ọkàn ẹni kì í sí nílé mọ́. Houston ni mò ń gbé. Llano ni ilẹ̀ tí èmi àti Ẹ̀gbọ́n háyà wà, wákàtí bíi mẹ́rin lójú ọ̀nà. Àwọn ará Llano máa ń fọ́nnu pé ọ̀dọ̀ àwọn ni olú-ìlú àgbọ̀nrín ní Texas, n kò sì rí ìdí tí màá fi bá wọn jiyàn. Àpáta ló kún ibẹ̀, àpáta pupa rúsúrúsú, pẹ̀lú koríko tó ga dé itan. Tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ dojú bolẹ̀ yìnbọn níbẹ̀, koríko nìkan lẹ máa rí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń ru tiráípọ́ọ̀dù, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé ìbọn lé, kiri bí oníyàwòrán.

Ọmọ ọdẹ ni mí. Òkè-Ògùn ni bàbá mi ti ṣọdẹ, ṣakabùlà ló ń lò, pàlàkà igi sì ni tiráípọ́ọ̀dù tirẹ̀. Bó bá rí pàlàkà tó wù ú, á kọ́kọ́ fọwọ́ mì í, á gbára lé e, á tún mì í lẹ́ẹ̀kejì, kó tó gbé ìbọn lé e. Èmi tí mo wà ní kékeré, mo rò pé àṣejù ni.

Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, aago mẹ́fà ìdájí kò tíì lù. Òtútù mú débi pé mo wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ̀gbọ́n jókòó sí ọ̀tún mi, ó ń pọ́n ọwọ́ rẹ̀ lá. Mo ya ẹsẹ̀ tiráípọ́ọ̀dù, mo gbé ìbọn .308 mi sí i. Ẹ̀mú orí tiráípọ́ọ̀dù mi, ohun tó ń di ìbọn mú, jẹ́ irú èyí tó ní ọwọ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ó gbé irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ìbọn sáàárín ètè rẹ̀ méjèèjì, ẹ ó ti ọwọ́ náà, á dún “kọ́”, ó parí nìyẹn. Tèmi náà dún “kọ́”. Mo fi ìbọn sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ kí n mú awò ojú méjì nínú báàgì.

Ìró kan ni mo gbọ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi èékánná ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Kí n tó gbórí sókè, ìbọn ti ń fẹ̀gbẹ́ lọ. Ìdí rẹ̀ lọ sí òsì, ẹnu rẹ̀ yí sí ọ̀tún, ó gba iwájú orúnkún Ẹ̀gbọ́n kọjá, awò orí rẹ̀ tí mo fi ń wo ohun tí mo fẹ́ yìn sì fi ara sọ àpáta: gbàà!

Ọta ti wà nínú rẹ̀.

Mo ti fi sáfẹ́tì sí i, kò sì yìn. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ bí ìṣẹ́jú yẹn ṣe gùn tó. Ẹ̀gbọ́n ò sọ̀rọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún ọ̀tún, ó gbé e lé tòsì, bí ẹni ń kà á bóyá ó pé. Lẹ́yìn náà ló ní: “Àbúrò, o fẹ́ sọ ìyàwó mi di opó.” Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi.

(Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Kò yẹ kí n tíì ki ọta bọ̀ ọ́. Ìdajì wákàtí ṣáájú kí oòrùn tó yọ ni òfin ní ká bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn, ilẹ̀ ò sì tíì mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo gbà. Ẹ má tún un sọ fún mi, Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ tó.)

Ó ní kí n gbé ìbọn náà sílẹ̀ fún ọjọ́ yẹn, kí n gba tòun. Mo kọ̀. Mo nu awò, mo wo inú rẹ̀: kò sán, àmì àgbélébùú inú rẹ̀ dúró gbọnrangandan. Mo ní kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo tún ìbọn gbé lé ẹ̀mú, mo tì í títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán mọ́ mi lọ́wọ́.

Ní nǹkan bí aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, akọ kan yọ. Ìwo rẹ̀ ya ẹ̀ka mẹ́jọ. Yáàdì 140, ó fi ẹ̀gbẹ́ hàn mí, ó kọjú sí ọ̀tún. Mo fara ti ìbọn, mo sì bá a, ohun tó ń dùn mí jù nìyí: àmì náà kò mì rárá. Ó dúró sẹ́yìn èjìká ẹran bí ohun tí wọ́n kàn mọ́gi. N kò tíì rí kí ìbọn dúró jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo yìn ín.

Ìró tó padà wá bá mi kì í ṣe “kàà” ti egungun. “Bù” ni, bí ìgbà tí ẹ bá gbá tìmùtìmù. Akọ náà ká ẹ̀yìn kò, ó rìn wọgbó jẹ́jẹ́. Kò sáré.

“Ikùn ni,” Ẹ̀gbọ́n ní.

Ẹran tí ọta bá bà níkùn, ńṣe là ń fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán. Yóò lọ dùbúlẹ̀ nítòsí, ibẹ̀ ni yóò sì kú sí. Mo mọ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni mo lè fara dà. Mo dìde, mo wọgbó. A bá ibi tó ti kọ́kọ́ dùbúlẹ̀: koríko tó tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó ṣú, àti omi aláwọ̀ ewé tó ń rùn. Ó ti gbọ́ ẹsẹ̀ wa, ó ti lọ. Láti ibẹ̀, ipa ẹ̀jẹ̀ di kán-ín-kán-ín, ó sì parẹ́. A wá a títí ilẹ̀ fi ṣú, a tan tọ́ọ̀ṣì, Ẹ̀gbọ́n rọra ń jáwé sí ọ̀nà kí a má baà sọnù. Igún ló fi í hàn wá láàárọ̀ Sunday. Ẹ má jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀.

Ní Wednesday mo gbé ìbọn lọ sí pápá ìyìnbọn. Ní yáàdì 100, ọta ń bà ní íǹsì 9 sí òsì ibi tí mò ń wò. Ní 140, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íǹsì 13. Síkúrù ìjókòó awò ló ti yẹ̀. Wọ́n tún un dì, mo tún un tò, ó ti ń bà á gẹ́lẹ́. Mo ti ra ẹ̀mú tuntun. Ìyẹn ti parí.

Ẹ̀kọ́ wá dà? Ẹ fà á wò. Kí ẹ tó fi ọwọ́ kúrò lára ìbọn, ẹ di ìbọn mú, ẹ fà á sókè, ẹ tì í síwájú, ẹ fà á sẹ́yìn. Nígbà tí mo yẹ ẹ̀mú wò nínú ìmọ́lẹ̀, mo rí àmì lára ètè rẹ̀ kan: ọ̀dà dúdú ti bó, irin ń dán, kò gùn ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Orí ètè yẹn ni irin ìbọn mi gùn, kò wọ inú. Ètè kejì nìkan ló dì í mú. Ẹ rántí pé irin Arca yìí, irin pẹlẹbẹ abẹ́ ìbọn tí gbogbo wa ń lò, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 38, kì í dọ́gba láti ọwọ́ oníṣẹ́ kan sí òmíràn. Díẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀mú ọlọ́wọ́ kì í sábà gba díẹ̀. Èyí tí à ń fi síkúrù yí máa ń tẹ̀ lé ohun tí ẹ bá fi sí i. Ó pẹ́ láti dì, mo gbà.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ ya ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, kí ẹsẹ̀ kan kọjú sí ibi tí ẹ ń wò, kí ẹ fi àyà ti ìbọn síwájú. Ẹ má fa òpó àárín sókè, mímì ló máa ń mì. Lórí àpáta, ẹ yọ ẹsẹ̀ onímímú kúrò, rọ́bà ni kí ẹ lò. Ẹ so báàgì kọ́ abẹ́ rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Gbogbo èyí ni mo ṣe lọ́jọ́ náà o. Gbogbo rẹ̀ pé, kò gbà mí.

Ẹ̀kẹta, orí bọ́ọ̀lù, èyí tó ń jẹ́ kí ìbọn lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí tiráípọ́ọ̀dù: ẹ fún un le kí ó má baà yẹ̀ bí ẹ bá fi ọwọ́ sílẹ̀. Ìyẹn náà kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, ẹ fà á wò.

Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀kọ́ tèmi kì í ṣe ti ẹ̀mú, pé ìbọn tó bá ti ṣubú, bébà ìdánwò ní pápá ìyìnbọn ló yẹ kó kọ́kọ́ yìn, kì í ṣe ẹran. Mo gbọ́. Ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀mú bá dì í mú, kò ní ṣubú, bí kò bá ṣubú, ọ̀rọ̀ bébà ò ní wáyé. A ti fi ọjọ́ méjì jiyàn lórí fóònù. Kò gbà.

Ó ti ní a tún ń lọ ní Sátidé yìí. Ó ní kí n mú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi dání, àmọ́ ẹ̀yìn mi lòun yóò jókòó sí.