Àpótí Bàtà Ọdún 2025

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ yìí ni mo wọlé láti ibi iṣẹ́ alẹ́. Dípò kí n sùn, mo fa àpótí bàtà kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Inú rẹ̀ ni mo ti ń kó rìsíìtì sí láti oṣù Kìíní. Mo da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Owó fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin. Owó àwọn tó yẹ ìwé ẹ̀rí Nàìjíríà mi wò. Owó ìdánwò CCRN, ti nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ìbéèrè 150 fún wákàtí mẹ́ta. Owó kẹ́mísìrì tí mo lọ tún ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, èmi ìyá ọlọ́mọ méjì, láàárín àwọn ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ń rò pé èmi ni olùkọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ohun tí mo ń lé ni kí n di CRNA, nọ́ọ̀sì tó ń kun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé mọ irú wọn, ẹni tó máa ń jókòó síbi orí aláìsàn nínú tíátà. Nígbà tí mo wà nílé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bàbá kan wà ní ọsibítù tí wọ́n máa ń rán wa lọ, irun rẹ̀ ti funfun. Kó tó fa ketamine sí iṣan aboyún tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, á bèèrè oríkì rẹ̀. Á wá máa pè é jẹ́jẹ́ létí rẹ̀: Àjọkẹ́, Àjọkẹ́, Àjọkẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Kó tó pè é lẹ́ẹ̀karùn-ún, obìnrin yẹn ti sùn. Mi ò tíì rí oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ tó ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní Maryland níbí.

Ní Amẹ́ríkà, àbáwọlé iṣẹ́ yìí ga. O gbọ́dọ̀ ní dìgírì, o gbọ́dọ̀ ní láíséǹsì nọ́ọ̀sì, o sì gbọ́dọ̀ ti lo ọdún kan, ó kéré tán, ní ICU tàbí ibi tó jọ ọ́, níbi tí èèyàn ti wà láàárín ikú àti ìyè. Ọdún mẹ́rin ni mo ti lò ní tèmi. Alaalẹ́ ni mò ń gbé norepinephrine, oògùn tó ń gbé ìfúnpá ró, sókè, tí mò ń fà á wálẹ̀, tí mò ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí. Tẹ́lẹ̀, másítà ti tó. Láti ọdún 2022, dókítọ́réètì ni gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé máa gbà. Oṣù 36 ló kéré jù, wákàtí 2,000 ló sì kéré jù pẹ̀lú aláìsàn. Ibi tó ti ń dun èèyàn ni pé kò sáyè láti ṣiṣẹ́ owó láàárín rẹ̀. Ẹ rántí èyí, torí mo ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ kìíní ò tiẹ̀ ṣí fáìlì mi wò. Ìwé máàkì mi láti Nàìjíríà pẹ́ kó tó dé. Ẹni tó wà nídìí ẹ ní "fáìlì yẹn ò sí nílẹ̀". Àbúrò mi ọkùnrin wọ mọ́tò lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kẹrin, wọ́n rí i nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà tí wọ́n ní àwọn ti wò láti ọjọ́ kìíní. Ó dé lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá tí wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn. Ilé-ẹ̀kọ́ kejì kọ ìlà méjì sí mi: ẹ ṣeun, ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni kí n rọra sọ. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo ti kàwé débi pé ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, mọ̀ pé dantrolene ni wọ́n ń fún ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná sódì nítorí oògùn akunilóorun. Wọ́n ní kí ló lè já ìfúnpá wálẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ki rọ́bà èémí bọ ọ̀fun aláìsàn tán. Mo kà á bí ẹni ń ka ABD: propofol, oògùn akunilóorun tó dẹ iṣan, omi ara tí kò tó, ẹ̀rọ tó ń tẹ àyà tí ẹ̀jẹ̀ ò fi ráyè padà sínú ọkàn, afẹ́fẹ́ tó sá jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ń mi orí. Inú mi dùn.

Obìnrin kan tó jókòó sápá òsì wá ní: "Ọ̀gá rẹ nínú tíátà bú ọ lójú gbogbo èèyàn fún ohun tí o ò ṣe. Kí lo máa ṣe?"

Mi ò ronú rárá. Mo ní màá bẹ̀ ẹ́.

Wọ́n wo ara wọn. Ó ní, "O máa bẹ ẹni tó parọ́ mọ́ ọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, tó bá ti rọlẹ̀, màá wá ṣàlàyé. Èyí tí mo sọ yẹn, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nílé wa nìyẹn. Àgbà á bínú, ìwọ á kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ á tutù, lọ́jọ́ kejì òun fúnra rẹ̀ á pè ọ́ pé wá jẹun. Ṣùgbọ́n létí àwọn yẹn, mo ti di nọ́ọ̀sì tí kò ní lè sọ fún dókítà pé "ẹ dúró ná, ìfúnpá ti já". Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n kọ̀ mí. Wọn ò sọ ìdí, ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tí mo rí lójú obìnrin yẹn. Ó bí mi nínú fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó yá, mo gbà pé ìbéèrè rẹ̀ dára, ìdáhùn mi ni kò pé.

Lásìkò yẹn ni mo ń kà nípa Goldie Brangman, nọ́ọ̀sì akunilóorun aláwọ̀ dúdú ní Harlem Hospital. Nígbà tí wọ́n gún Martin Luther King lọ́bẹ láyà ní ọdún 1958, ó wà lára àwọn tó kun ún lóorun. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń tẹ báàgì tí ọkùnrin náà fi ń mí. Lẹ́yìn náà ló di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì akunilóorun ní gbogbo Amẹ́ríkà, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Mo wo fọ́tò rẹ̀ títí. Obìnrin yẹn ò jọ ẹni tó máa bẹ ẹni tó parọ́ mọ́ ọn.

Ilé-ẹ̀kọ́ kẹrin bi mí ní ohun tó jọ ọ́. Mo ní aláìsàn ni màá kọ́kọ́ mú dúró, lẹ́yìn náà màá sọ ohun tí mo mọ̀ láìgbé ohùn sókè. Wọ́n gbà mí. Lẹ́tà náà dé láàárín oṣù Kọkànlá. Mo kà á ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ọsibítù, mo sunkún, mo nu ojú, mo wọlé lọ gba aláìsàn lọ́wọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ ọ̀sán.

Owó wá kù. Owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan jẹ́ 126,000 dọ́là. Tẹ́lẹ̀, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Grad PLUS, tí èèyàn fi lè yá gbogbo owó tí ilé-ẹ̀kọ́ bá bù lé e lọ́wọ́ ìjọba. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Keje ọdún 2025 fòpin sí i fún ẹni tó bá máa bẹ̀rẹ̀ sí í yá owó láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2026. Oṣù Kẹjọ 2026 ni ẹ̀kọ́ tèmi máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n kà sí "professional" á lè yá 50,000 lọ́dún. Àwa yòókù, 20,500. Nínú ìlànà tí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ gbé kalẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, dókítà wà nínú àwọn ti 50,000, lọ́yà wà níbẹ̀, ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn láti di pásítọ̀ wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò sí. Ẹni tó máa gbàdúrà fún aláìsàn wà nínú ìwé, ẹni tó máa bá a mí ò sí níbẹ̀! Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: 20,500 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 61,500. Ó ku 64,500, a ò tíì jẹun, a ò tíì san owó ilé.

Ọkọ mi ní òun á máa wa ọkọ̀ Uber lópin ọ̀sẹ̀. A ó yá èyí tó kù ní báńkì, ẹ̀lé rẹ̀ ò dára. Èyí tí a ò rí ọ̀nà gbé e gbà ni ti ilé. Láti ọdún 2018, mi ò fo oṣù kan rí: oògùn ìfúnpá Màámi, owó ilé-ìwé àbúrò mi, owó epo jẹnẹrétọ̀, owó òkú ará ilé tí mi ò mọ̀ rí. Gbogbo oṣù Kọkànlá, tí fóònù bá ti dún tí mo rí "Màámi", màá dojú ẹ̀ délẹ̀. Ẹni tó lè dáhùn ìbéèrè nípa ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró kò lè gbé fóònù ìyá ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo sọ ọ́. Màámi dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó wá ní, "Àdùkẹ́, o ò jí owó, kí lo wá ń gbọ̀n fún?" Ó ní kí n kọ iye tí mo bá lè máa fi ránṣẹ́ sílẹ̀, òun á mọ bí òun á ṣe ṣe é. "Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ, fúnra rẹ ni wàá sọ fún un. Èmi ò ní bá ọ sọ ọ́."

Ó ku ọdún kan ààbọ̀ kí ọmọ yẹn ṣe yunifásítì tán. Òun náà ló lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin nídìí fáìlì mi. Mo ti san owó tí wọ́n fi ń di àyè mú fúnni nílé-ẹ̀kọ́, 1,500 dọ́là, wọn ò sì ń dá a padà. Rìsíìtì rẹ̀ ló wà lókè pátá nínú àpótí yìí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ iye tí mo lè máa fún un lóṣù sí. Mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo tún un kọ. Kò pọ̀.

Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́ ni WhatsApp dún. Aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá nílé. Òun ni. "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ alẹ́ o. Ìwé tá a bá yín gbà níjelòó yẹn, ṣé wọ́n ti dá yín lóhùn?"