Àjíǹde ní Pópó Àgùdà

Ọjà ti bo Erékùṣù Èkó mọ́lẹ̀ lójú àwa ará Méńláǹdì. Bí a bá ti gbọ́ Ìdúmọ̀tà tàbí Balógun, aṣọ, bàtà àti alábàárù tó ń pariwo "àgò lọ́nà" ló ń wá sí wa lọ́kàn. A ó sọdá afárá, a ó náwó tán, a ó sáré padà kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó ká wa mọ́ ojú ọ̀nà. Àwọn tó ń sùn níbẹ̀, tí wọ́n ń jí níbẹ̀, tí wọ́n ń sọmọ lórúkọ níbẹ̀, a kì í fojú kàn wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ọmọ Àgùdà, ìyẹn àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n sì padà wá sí Èkó. Ilé ẹbí ọkọ rẹ̀ wà ní Pópó Àgùdà, àdúgbò wọn, kò jìnnà sí Kámpọ̀sì, ní ìhà Òpópónà Bámgbóṣé, wọ́n sì ní kí n wá bá àwọn ṣọdún Àjíǹde. Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ pé kí n má gbàgbé gaàrí, nítorí pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá. Mo gbé báàgì, mo gbé gaàrí, ó di Mile 2 ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọdún.

Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yìn ín díẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án 2023 ló ti ń kó èrò láàárín Mile 2 àti Marina. Kìlómítà 13 péré ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sínú dáńfó lójú ọ̀nà yẹn ní ọjọ́ iṣẹ́ rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. O ó fi Cowry, káàdì tí a fi ń san owó ọkọ̀, kan ẹ̀rọ, ó di Sùúrù-Àlàbá, ó di Ọ̀rílé, ó di Tíátà, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ á gun orí omi. Ọkùnrin kan tó wọ táì, tó dájú pé ojoojúmọ́ ló ń gba ibẹ̀, yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó ń ya omi bí àlejò.

Láti Marina, mo fẹsẹ̀ rìn. Mo gba Kakawa, níwájú Ilé Omi tó jẹ́ ti João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tó sì padà wá sí Èkó. Kànga inú ọgbà rẹ̀ ni àwọn ará Èkó ti ń ra omi láyé ọjọ́un. Ọmọ rẹ̀, Candido, tó kú ní 1959, lówó débi pé títí dòní, bí o bá tọrọ owó lọ́wọ́ àgbàlagbà Èkó, ó lè bi ọ́ pé, "Ṣé èmi ni Dàròṣà ni?" Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan bi mí bẹ́ẹ̀ gan-an nígbà tí mo ní kó dín owó rẹ̀ kù. Mo bá ń fẹsẹ̀ rìn lọ.

Ní Tinúbú, mo dúró wo ìhà ibi tí Ìlọjọ́ Bar wà tẹ́lẹ̀. Ilé alájà tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855 ni, wọ́n kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n sì wó o lulẹ̀ ní Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹsàn-án 2016. Ọjọ́ Àìkú! Ẹni tó yan ọjọ́ yẹn mọ Èkó dáadáa. Ó mọ ọjọ́ tí ọjà kì í sí, tí katapílà lè ráyè rìn fàlàlà.

Nígbà tí mo dé ilé, n kò rí ilẹ̀kùn. Mo mọ ilé náà, mo ti wá síbẹ̀ nígbà ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n aṣọ ọmọdé ló bo gbogbo iwájú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀: gáúnù, ṣòkòtò péńpé, aṣọ Bàtímán. Obìnrin kan jókòó sórí àtẹ̀gùn láàárín wọn. Kí n tó lanu, ó ní, "Àlejò Màmá ni yín, àbí? Ẹ gba kọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra, omi wà níbẹ̀." Omi tó ń wí, omi gọ́tà ni.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí Màmá tán, mo bá fi ọgbọ́n béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àna mi, ẹ gbójú sókè. Ṣé ẹ rí páànù yẹn? Owó Ìyá Aláṣọ ló rà á. Ṣé kí n wá fi ilẹ̀kùn ṣẹ̀ṣọ́, kí òjò máa pa mí?"

Bó ṣe rí káàkiri nìyẹn. Ilé ẹbí ni, yàrá yìí jẹ́ ti ọmọ ìyá kan, yàrá tọ̀hún ti ọmọ ìyá mìíràn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kó lọ sí Súrùlérè àti Ìkẹjà, àwọn kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ tún òrùlé ṣe, gbogbo wọn ló sì fẹ́ ìpín nínú owó iwájú ilé. Ibi tí ìjà ìpín bá ti le jù, wọ́n á ta ilé náà, kò ní pẹ́ tí plásà alájà mẹ́rin á fi yọrí níbẹ̀. Mo ti máa ń bínú sí àwọn tó ń ta ilé bàbá wọn. Nígbà tí mo jókòó ti Màmá, tí mo rí i bó ṣe ń ka owó ìyá tó wà níta pọ̀ mọ́ owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ìbínú mi rọlẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí o, ṣùgbọ́n ó rọlẹ̀.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn náà ni fréjọ̀n bẹ̀rẹ̀. Láti Brazil ni àwọn Àgùdà ti gbé e bọ̀, Ọjọ́ Ẹtì Rere ló sì ni ín, nítorí àwọn Kátólíìkì kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ náà. Ẹ̀wà dúdú ni wọ́n gbé kaná lẹ́yìnkùlé, lórí iná igi, torí Màmá ní ẹni tó bá fi gáàsì se fréjọ̀n, owó gáàsì ni yóò jẹ lọ́dún. Òru mọ́jú ni wọ́n ń sè é. Ẹ̀wà náà gbọ́dọ̀ rọ̀ títí yóò fi gbàgbé pé òun le rí. Àwa ọkùnrin ń fọ́ àgbọn, àwọn ọmọbìnrin ń rin ín, ẹ̀gbọ́n mi ń fi aṣọ funfun fún omi rẹ̀. Lídàájí, wọ́n gbé ẹ̀wà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata. Ó ti jí, ó mọ̀ pé ọdún àwọn ni. Wọ́n fi asẹ́ sẹ́ ẹ, wọ́n da omi àgbọn lé e, wọ́n tún gbé e kaná. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì í máa rò ó, torí bó bá jó, kò sí àtúnṣe.

Lórí ṣúgà ni ìjà ti ṣẹlẹ̀. Àǹtí tó ti Súrùlérè wá fẹ́ kó dùn dáadáa, Màmá ní fréjọ̀n kì í ṣe ógì ọmọdé. Ẹnì kan tún dábàá kòkó díẹ̀, gbogbo wọn pa ẹnu pọ̀ bú u, bẹ́ẹ̀ àwọn ilé kan wà ní Pópó tó ń fi kòkó sí tiwọn. Ẹ̀gbọ́n mi kò dá sí i. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé gaàrí nìkan ni wọ́n gbà pé ọmọ Ìjẹ̀bú gbọ́n lé lórí. Wọ́n sì yin gaàrí tí mo gbé wá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi kọ ìyẹn sílẹ̀.

Kí ó tó di ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, abọ́ ti ń rìn káàkiri àdúgbò. Fréjọ̀n nísàlẹ̀, ọbẹ̀ ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgbín alátá tí wọ́n rà ní ọjà Sandgrouse lórí fún àwọn tó bá gbayì. Màmá jókòó sórí àga, ó ń dárúkọ, àwọn ọmọ ń sáré. Kò ní ìwé, orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà: Alhaja ilé kẹta, bàbá onígbàjámọ̀, Mẹ́rúwà tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi wá láràárọ̀, ìdílé kan tí wọn kò bá sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá nítorí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Mo béèrè ìdí tí àwọn yẹn náà fi gbọ́dọ̀ jẹ. Ó wò mí bíi pé orí mi kò pé. "Ṣé fréjọ̀n ló ba jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ni?"

Ìyá Aláṣọ kò wá lọ́jọ́ náà, torí ìsinmi ìjọba ni. Màmá ní kí wọ́n bu tirẹ̀ sọ́tọ̀.

Alhaja kò dúró kí wọ́n gbé tirẹ̀ wá. Bí wọ́n ṣe kírun Jímọ́ọ̀ tán, ó wọlé tòun ti ìbòrùn rẹ̀, ó jókòó lẹ́yìnkùlé, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ṣúgà rẹ̀ kéré. Àǹtí ará Súrùlérè fò sókè. Lọ́jọ́ Iléyá, ẹran máa ń ti ilé Alhaja wá sílé Màmá, itan ni, kì í ṣe eegun. Kò sì jọ mí lójú lọ títí. Mọ́sálásí Shitta-Bey tó wà ní Òpópónà Martins, tí wọ́n ṣí ní oṣù Keje 1894, Àgùdà ni João Baptista da Costa tó ya bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ. Ẹni tó bá rí ọ̀nà tí wọ́n gbà fi sìmẹ́ńtì ṣe òdòdó sára rẹ̀ yóò mọ̀ pé ọwọ́ kan náà ló wà lára àwọn ilé Pópó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjà ni, kò sí ohun tí mo rí sọ.

Ọjọ́ Àìkú ni mo tó rí àdúgbò. Nígbà tí a ti Máàsì dé, kò sí aṣọ níwájú ilé, ilẹ̀kùn wà níbẹ̀: igi dúdú, wọ́n gbẹ́ ewé àjàrà sí i lára, òdòdó sìmẹ́ńtì yí i ká, òkè rẹ̀ rí roboto. Láàárín ọ̀sẹ̀, ìdè tí wọ́n fi ń so gáúnù nìkan ni mo ti rí níbẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló sì ṣe bẹ́ẹ̀ yọ jáde. Àwọn ìyá gbé àpótí síta, wọ́n ń dirun. Àwọn àgbàlagbà tẹ́ pátákó dráàfù sábẹ́ bàkóńì. Àwọn ọmọkùnrin fi òkúta méjì-méjì ṣe mọ́ńkí pósì, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá gbá a wọ gọ́tà ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́.

Ìṣòro kan ṣẹlẹ̀. Ilé kan fẹ́ ta àtíbàbà fún ìnáwó ọmọ wọn, ojú pápá bọ́ọ̀lù gan-an sì ni. Mo rò pé wọn yóò jà. Bàbá kan dìde nídìí dráàfù, ó bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, ó bá onínàáwó sọ̀rọ̀: agogo mẹ́rin ni bọ́ọ̀lù máa parí, àwọn agbábọ́ọ̀lù ni yóò bá wọn to àga, ìrẹsì wọn sì wà níbẹ̀. Ó padà sídìí dráàfù rẹ̀. Wọ́n ti jẹ méjì nínú ọmọ ayò rẹ̀ kó tó dé, ìyẹn ló wá di ìjà gidi.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi mú mi rìn dé Ẹpẹ́tẹ̀dó, níbi tí MKO Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní 11 oṣù Kẹfà 1994. Ó na ọwọ́ sí ibi tí ó ní olóògbé náà dúró sí. Ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ gbọ́, ó yà, ó ní irọ́ ni, òun wà níbẹ̀, apá ọ̀hún ni. Ẹlòmíràn tún dá sí i. A fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé jẹ́ ti Kàrẹ́tà àti Fàǹtí, ijó àti ìwọ́de ìta gbangba tí wọ́n fi ń ṣọdún Àjíǹde. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan, Lafiaji, Kámpọ̀sì, Òkè Pópó, Olówógbowó, ló ní àwọ̀ aṣọ tirẹ̀ àti kàkàkí tirẹ̀. Àwọn kan gun ẹṣin, àwọn kan fi ìbòjú bojú, Màmá sì mọ gbogbo wọn láti orí ẹsẹ̀ wọn. "Ọmọ télọ̀ nìyẹn. Ẹ wò ó bó ṣe ń wọ́sẹ̀." Etí mi dun mí dọ́jọ́ kejì. Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má gbé mọ́tò, ẹ má sì wọ bàtà tuntun.

Láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, mo ti gbé báàgì mi, mo fẹ́ fi ọlá gba ẹnu ilẹ̀kùn gidi jáde. Mo ṣí i, ẹrù aṣọ dí i. Ìyá Aláṣọ ti dé láti Ìyànà-Ìpájà, ó ti so gáúnù tó mẹ́wàá, ó kúnlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó gba abẹ́ apá mi wo inú ilé.

"Ẹ káàárọ̀ Màmá, ẹ kú ọdún. Fréjọ̀n tèmi ńkọ́?"

"Ó wà nínú físà Alhaja," Màmá dáhùn láti inú pálọ̀. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sún ẹrù ẹ, kí àna mi ráyè kọjá."

"Ṣé kọ̀rọ̀ dí ni, Màmá?"