Òjò àkọ́rọ̀ ká wa mọ́ inú Erédò

Bàtà tí mo wọ̀ ló kọ́kọ́ dá mi lẹ́jọ́. Kánfáàsì funfun ni, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán, ó ń dán bí àwo. Mo ní ìparí Fẹ́búárì la wà, ọyẹ́ ń palẹ̀ mọ́, ilẹ̀ á ti le gbandi. Kí ni mo fẹ́ fi bàtà ńlá ṣe?

Ọ̀kadà gbé èmi àti àbúrò mi ọkùnrin láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Òkè-Èrì, à ń lọ wo Erédò, yàrà àti odi àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. A kọ́kọ́ yà sí ojúbọ Bílíkísù Sùngbọ́, obìnrin tí ìtàn ní ó ní kí wọ́n gbẹ́ Erédò. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ibẹ̀ ni ibojì rẹ̀ wà, àwọn kan tilẹ̀ ní òun ni ayaba Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì. Obìnrin kì í wọ ibẹ̀. Àbúrò mi bọ́ bàtà, ó wọlé. Èmi jókòó síta, mo ń mu píọ́ wọ́tà. Ibojì obìnrin, obìnrin ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́! Àlejò ni mí, n kò jà, ṣùgbọ́n ó dùn mí díẹ̀.

Bàbá àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ fara ti Erédò ló mú wa lọ. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi.

"Ọmọ mi, ṣé èyí lo fẹ́ wọ̀ sọ̀kalẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀rùn la wà, Bàbá."

"Òkè níbí ni ẹ̀ẹ̀rùn wà."

Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi àfìgbà tí a dé etí yàrà. Láàárín ẹ̀gẹ́ lókè, eruku ń bù wá lẹ́sẹ̀. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibi tí à ń gbà sọ̀kalẹ̀, ewé gbígbẹ ti kó jọ lé ara wọn títí dé orúnkún, ewé lórí ewé sì ń yọ̀ ju epo lọ. Ìdí ni mo fi wọ́ dé ìdajì. Nígbà tí a délẹ̀, òtútù gbà wá. Igi ti padé lókè bí òrùlé, ògiri amọ̀ dúró ṣánṣán lọ́tùn-ún lósì, nǹkan tútù aláwọ̀ ewé hù sí i lára bí èyí tó máa ń hù sẹ́yìn ìkòkò omi.

Nǹkan bí kìlómítà 160 ni yàrà àti odi yìí, ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Láti orí odi dé ìsàlẹ̀ yàrà tó mítà 20 níbòmíràn, ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló sì gbẹ́ ẹ, kò sí katapílà. Lọ́dún 1999 ni Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì, gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta tí ayé fi gbọ́. Láti 1995 ni orúkọ Erédò ti wà lára àwọn tó ń retí kí UNESCO kọ wọ́n mọ́ ohun àjogúnbá ayé. Títí di òní, ó ṣì wà lórí ìlà.

Ibi tí mo ti ń ya fọ́tò ni ààrá ti sán. Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan yẹn ló kó bá wa. A gbọ́ òjò lórí ewé kó tó kàn wá lára, ariwo ńlá láìsí ẹ̀kán kan. Lẹ́yìn náà ni omi pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara ògiri ṣàn wá bá wa.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ̀, ó gbà wá tó wákàtí kan láti gùn ún. Ewé tó ń yọ̀ lẹ́ẹ̀kan ti lẹ̀ mọ́lẹ̀, òun gan-an ló wá di ibi tó ṣeé tẹ̀. Ilẹ̀ pupa tó le bí sìmẹ́ńtì lẹ́ẹ̀kan ni kò ṣeé fọkàn tán mọ́. Mo gbá gbòǹgbò kan mú, Bàbá kígbe: "Má tẹ orí ẹ̀! Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni kó o tẹ̀!" Ó fi àdá gbẹ́ ojú ẹsẹ̀ mẹ́fà sára amọ̀ fún wa, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Mo so okùn bàtà kọ́ ọrùn, mo fi ìka ẹsẹ̀ walẹ̀ bí adìẹ. Àbúrò mi tó ń fi mí rẹ́rìn-ín yọ̀ láti orí ìkẹrin, ó padà sísàlẹ̀.

Nígbà tí a yọrí, oòrùn ti ràn. Ilẹ̀ oko ti fa omi mu, bí ẹni pé òjò kankan ò rọ̀. Bàbá po gaàrí fún wa, omi tútù, ẹ̀pà díẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa bàtà mi.

Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta báyìí. Pupa náà ò lọ.