Oògùn Wà Nísàlẹ̀ Ọkọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi l'Ákùúrẹ́ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ológun, ọ̀rọ̀ ẹrù ni mo fẹ́ bá yín sọ. Òkun jìnnà sí wa níhìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n lè ní kẹ́ ẹ kó ọmọ ogun, mọ́tò àti ọta ìbọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ kan.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi mí ṣolórí àwọn tó ń kẹ́rù, ohun tó bá ti dé èbúté ni mo ń kó wọlé. Oògùn àti omi mímu ló kọ́kọ́ dé. Nígbà tá a gúnlẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wà, lẹ́yìn mọ́tò mẹ́rìnlá tá a fi ṣéènì dè mọ́lẹ̀. Ọmọkùnrin kan nínú wa ń gbọ̀n, ibà ti dá a wó, oògùn rẹ̀ sì ń bẹ nísàlẹ̀ ibi tó sùn sí. Ilẹ̀ ṣú kí ọwọ́ wa tó tó o. Ó ń dùn mí dòní.

Bẹ́ẹ̀, mo ti mọ̀ láti kékeré pé ohun tá a máa kọ́kọ́ lò ló yẹ kó wọlé kẹ́yìn! L'Ọ́jà Ọba, bí ìyá mi bá ń kẹ́rù sí ọkọ̀ Èkó, ẹrù tí wọn yóò já l'Óǹdó ló ń wọlé kẹ́yìn.

Irú rẹ̀ ṣe àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1982, nígbà tí àwọn àti Argẹntínà jagun lórí àwọn erékùṣù Falkland. Ìkánjú ni wọ́n fi kẹ́rù kúrò nílé. Ní erékùṣù Ascension tó wà lójú ọ̀nà, wọ́n ní láti tún ẹrù náà tò. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, bàálù Argẹntínà yin misáìlì lu Atlantic Conveyor, ọkọ̀ ojú omi tó ń kẹ́rù fún wọn. Hẹlikọ́pítà Chinook mẹ́ta, irú ńlá tó ń kó ọmọ ogun àti ẹrù, ṣòfò nínú rẹ̀, pẹ̀lú hẹlikọ́pítà mìíràn àti àgọ́ tí àwọn ọmọ ogun ìbá sùn sí. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi rìn nínú ẹrẹ̀ àti òtútù, ẹrù lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ pín ohun tó ṣe kókó sínú ọkọ̀ tó ju ẹyọ kan lọ.

Nígbà tí ECOMOG, àwọn ọmọ ogun ECOWAS, dé èbúté Monrovia ní Liberia láti Freetown ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 1990, ìbọn ń dún. Ta ló ráyè wá àpótí níbẹ̀?

Ẹ máa fọwọ́ fa ṣéènì wò lójoojúmọ́, torí ìgbì ń dẹ̀ ẹ́. Kẹ́ ẹ sì kọ ibi tí àpótí kọ̀ọ̀kan wà sínú ìwé, ó kéré tán mẹ́ta: ọ̀kan lọ́wọ́ yín, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.